Adìyẹ Tí A Dì Fún Dzigbordi

Dzelukope, Ghana
Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù Kẹjọ, 2015

Senanu ọmọ mi,

Mo kí ọ o. Àwọn ará ibẹ̀ ńkọ́? Àwọn tí ẹ jọ ń ṣiṣẹ́ ńkọ́? Òtútù ọ̀hún ńkọ́? Àwa wà níbí. Òkun kò tíì gbé wa lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò tíì sinmi.

Bébà ni mo fi ń bá ọ sọ̀rọ̀, torí pé fóònù la fi ń jà. Lọ́jọ́ Àìkú tí o pè kẹ́yìn, àárín àwọn obìnrin ìjọ ni mo wà, o sì ń pariwo sí mi létí pé adìyẹ mi ń sọ kòkòrò àìfojúrí di alágbára. Mama Xornam tó jókòó tì mí gbọ́ ọ ketekete. Ó ní, "Adzo, ṣé ọmọ rẹ ní adìyẹ rẹ ń pa èèyàn ni?" Mo ní rárá, pé òtútù ló wọ̀ ọ́ lágbárí. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Èmi ò rẹ́rìn-ín títí mo fi délé.

Ìyẹ̀fun oògùn tí mo ń dà sínú omi wọn, tí o ń bínú sí yẹn, òun ló gbé ọ dé ibi tí o ti ń bínú sí i. Ilé ẹ̀kọ́ lo wà lọ́dún tí mo ṣí ilé adìyẹ láàárọ̀ tí n kò gbọ́ igbe kankan. Àtìgbà náà ni ọkùnrin tó ń ta oògùn adìyẹ ti sọ fún mi pé kí n má dúró de àìsàn mọ́, kí n máa fún wọn lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, bóyá wọ́n ṣàìsàn o, bóyá wọn ò ṣàìsàn o. Mo ń fún wọn. Wọn ò kú. Èwo ni tìrẹ níbẹ̀?

Ó tán. Ọ̀rọ̀ tí mo tìtorí ẹ̀ jókòó nìyí: àbúrò rẹ ti lóyún. Dzigbordi. Lẹ́yìn ọdún mẹ́fà nílé Gameli, lẹ́yìn gbogbo ojú tí ìyá Gameli fi ń wò ó. Má sọ fún ẹnikẹ́ni. O mọ bó ṣe ń rí nílé wa, bó bá jẹ́ oyún àkọ́kọ́, ọwọ́ ìyá rẹ̀ ni obìnrin ti ń jẹun. Bí ọdún Hogbetsotso bá ti kọjá lóṣù Kọkànlá, ó ń bọ̀ láti Ho, èmi ni n ó sì máa se ọbẹ̀ adìyẹ fún un títí tí yóò fi sọ̀ kalẹ̀. Ìyá Gameli ti ń sọ lábẹ́ ahọ́n pé ilé àwọn ló sún mọ́ ọsibítù. Mo ní kí Gameli sọ fún un pé ọsibítù kì í se ọbẹ̀.

Iṣẹ́ wo lo ń ṣe gan-an? Bí wọ́n bá bi mí, mo máa ń ní o ń ṣe ọ̀rá tí wọ́n fi ń di nǹkan. Wọ́n á ní, "Gbogbo ìwé tó kà yẹn, ọ̀rá?" Kọ èsì tí mo lè kà sétí èèyàn. Ṣé o ń jẹun?

Èmi ni, ìyá rẹ,
Adzo


Aarhus, Denmark
Ọjọ́ kẹtàlá, oṣù Kẹsàn-án, 2015

Mama mi,

Ẹ kú àárọ̀, ẹ kú alẹ́, èyíkéyìí tó bá bá yín níbẹ̀. Mo ń jẹun. Ọ̀rọ̀ Dzigbordi dùn mọ́ mi débi pé orí àtẹ̀gùn ni mo jókòó sí tí mo kà á lẹ́ẹ̀kejì kí n tó wọlé. N kò sọ fún ẹnì kankan. Ta ni mo fẹ́ sọ fún?

Ẹ má bínú pé mo pariwo. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Ẹ wo ebè àlùbọ́sà. Bí èèyàn bá ń fọwọ́ fa koríko orí rẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, èyí tí gbòǹgbò rẹ̀ kò jìn á wá, èyí tí gbòǹgbò rẹ̀ jìn á já lókè, á sì tún hù. Bó bá pẹ́, kìkì olóríkunkun ló máa kù lórí ebè, kò sì ní sí ẹni tó ń bá a du ilẹ̀ mọ́. Ohun tí ìyẹ̀fun yẹn ń ṣe nínú ìfun adìyẹ nìyẹn. Ó ń pa kòkòrò tó lẹ, ó ń fi ilé sílẹ̀ fún èyí tó le. Èyí tó le náà ló ń bá ẹran dé ọwọ́ ẹni tó ń gé e, tó sì ń bá ìgbẹ́ wọn dé oko àwọn alálùbọ́sà Anloga tó ń rà á lọ́wọ́ yín. Lọ́jọ́ tó bá wá mú èèyàn, dókítà á gbé oògùn jáde, kòkòrò ò ní yẹ̀. Ìbátan oògùn yẹn ló ti ń mu láti kékeré.

Ọ̀rá tí wọ́n fi ń ṣe yín yẹ̀yẹ́, ẹ sọ fún wọn pé ọ̀rá tó ń bá kòkòrò jà ni. A po òróró kànáfùrù mọ́ ọn. Bó bá ti fara kan ẹran, kòkòrò orí ẹran kì í lè pọ̀ sí i bó ṣe wù ú. Kì í ṣe oògùn ọsibítù la fi ṣe é, torí náà kò kọ́ kòkòrò bí wọ́n ṣe ń borí oògùn ọsibítù. Bí kòkòrò bá dín lórí oúnjẹ, inú rírun á dín. Bí inú rírun bá dín, kápúsù tòpáyè, oògùn apakòkòrò tí gbogbo ará ilé wa ń gbé mì bí ẹ̀pà náà á dín, oògùn á sì tún lágbára lọ́jọ́ tí a bá nílò rẹ̀ ní tòótọ́.

Efo Worlanyo ará Keta ń bọ̀ wálé ṣọdún. Mo ti fún un ní róòlù kan. Ẹ máa fi di adìyẹ tí ẹ bá pa fún títà, yóò pẹ́ kó tó bàjẹ́ ju bó ti máa ń ṣe lọ. Ṣùgbọ́n mo bẹ̀ yín, ẹ dá ìyẹ̀fun yẹn dúró, kí ẹ pe àwọn tó ń gún adìyẹ lábẹ́rẹ́ àjẹsára. Bí ọ̀rá bá ń bá wọn jà níta, tí ẹ̀yin ń tọ́ wọn dàgbà nínú, asán ni.

Ọmọ yín,
Senanu


Dzelukope
Ọjọ́ kọkànlá, oṣù Kẹwàá, 2015

Senanu,

Mo kí ọ. Efo Worlanyo gbé ẹrù rẹ dé. Ó ti sanra. Ìwọ ńkọ́?

Ọ̀rá náà ń rùn bí ẹnu ẹni tí eyín ń dùn. Mama Xornam gbé e símú, ó ní, "Ṣé ẹran lẹ máa fi dì ni, àbí òkú?" Mo ní, "Ọmọ mi ló ṣe é." Ó ní, "Ó dáa, ya díẹ̀ fún mi." N kò ya fún un. Ẹni tó bú ọ̀rá ọmọ mi kò ní fi di ẹja rẹ̀.

Mo fi di àkùkọ kan láti fi dán an wò. Ilẹ̀ mọ́, kò rùn. Mo gbé e fún ìyàwó pásítọ̀, kò mọ̀ pé kì í ṣe àárọ̀ ọjọ́ náà ni mo pa á. Orí mi wú. Mo kọ orúkọ rẹ sára ọ̀rá kó lè mọ ọmọ tó ṣe é.

Ní ti ìyẹ̀fun, n kò tíì dá a dúró. Ẹnìkan kì í yí ọkọ̀ padà lójú òkun nígbà tí ẹja ń bọ̀. Jẹ́ kí ọdún kọjá ná.

Ohun tí mo fẹ́ bi ọ́ nìyí. Iná ti ń lọ, kì í sì í dé mọ́. Fíríìsà mi ti di àpótí aṣọ. Gbogbo ọmọ ilé tó wà ní Accra àti Lomé ló ń bọ̀ wá ṣọdún, gbogbo wọn ló sì fẹ́ adìyẹ, n kò sì lè pa gbogbo rẹ̀ ní òwúrọ̀ kan ṣoṣo. Mo fẹ́ máa pa wọ́n sílẹ̀ láti àárín ọ̀sẹ̀, kí n dì wọ́n sínú ọ̀rá rẹ, kí n tò wọ́n sí yàrá tó tutù. Ṣé ó ń fẹ́ yìnyín, àbí kò fẹ́? Èdè yín ni wọ́n kọ sára páálí rẹ̀, kò sì sí ẹni tó gbọ́ ọ níbí.

Mo pè ọ́ láti bi ọ́. Obìnrin kan ló gbé e. Ó sọ èdè yín lọ bí omi, kò jẹ́ kí n fèsì, ó sì fọn fèrè sí mi létí. Mo tún pè, ohun kan náà. Ta ni? Ìgbà wo lo gbé e wọlé? Kò tilẹ̀ kí mi.

Dá mi lóhùn. Bí n kò bá gbọ́ nǹkan kan títí di ọ̀sẹ̀ ọdún, a jẹ́ pé kò fẹ́ yìnyín nìyẹn. Nílé tiwa, ẹni tí a bi léèrè tó dákẹ́, ó ti fọwọ́ sí i.

Ìyá rẹ,
Adzo


Aarhus
Ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n, oṣù Kẹwàá, 2015

Mama mi,

Ẹ kú ilé. Ilé tí mo ti kó kúrò ni lẹ́tà yín ti ń sùn, òní ni wọ́n mú un wá fún mi. N kò mọ̀ bóyá èyí máa bá yín kí ọdún tó dé.

Ó fẹ́ yìnyín o. Ó fẹ́ yìnyín. Ọ̀rá náà ń dín ìrìn kòkòrò kù ni, kò lè sọ ooru di òtútù. Inú fíríìjì la ti ń lò ó níbí, torí bẹ́ẹ̀ n kò rántí rárá pé èèyàn lè bi mí. Ara awọ ẹran nìkan ló ń ṣiṣẹ́ dé, kò dé inú ikùn rẹ̀, kò dé abẹ́ apá. Bí ẹ bá sì ní kò rùn, kànáfùrù ni imú yín ń gbọ́, kì í ṣe ẹran. Ẹ má pa á sílẹ̀. Kí ẹni tó bá fẹ́ adìyẹ gbé e lọ láàyè.

Mo ti pè yín títí, fóònù yín kò lọ. Mo mọ̀ pé iná ni. Mo pe Gameli, mo sọ fún un. Ó ní, "Àwa náà ń bọ̀ níbẹ̀ lọ́jọ́ Ajé lẹ́yìn ọdún, n ó sọ fún Mama lójúkojú, má da ara rẹ láàmú." Mo ní kó tètè rán ẹnìkan sí yín. Ó ní òun gbọ́. Bó ṣe sọ pé òun gbọ́ yẹn kò tẹ́ mi lọ́rùn.

Kò sí obìnrin kankan. Ẹ̀rọ ló ń sọ̀rọ̀ bí n kò bá gbé fóònù. Òru ni mo ń ṣiṣẹ́, ọ̀sán ni mo ń sùn. Ì bá wù mí kó jẹ́ obìnrin.

Senanu


Ọsibítù, Keta
Ọjọ́ kẹtàdínlógún, oṣù Kọkànlá, 2015

Senanu,

N kò kí ọ.

Òní ni lẹ́tà rẹ dé. Xornam, ọmọ Mama Xornam, ló gbé e wá bá mi níbi tí mo jókòó sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn àbúrò rẹ.

Láti Ọjọ́rú ọ̀sẹ̀ ọdún la ti ń pa adìyẹ. A tà á tán. Àwọn ará Accra ń gbóríyìn fún ọ̀rá náà. Agbébọ̀ kan wà tó sanra ju gbogbo wọn lọ, mo yọ ọ́ sẹ́yìn fún Dzigbordi. Mo dì í ní ìdì mẹ́ta, ọ̀rá lórí ọ̀rá, torí pé èèyàn méjì ló fẹ́ jẹ ẹ́. Mo gbé e sábẹ́ ibùsùn mi níbi tí sìmẹ́ńtì ti tutù.

Nígbà tí wọ́n dé lọ́jọ́ Ajé, mo gé e, mo sè é. Ó jinná. Má wá bi mí bóyá ó jinná. Ṣùgbọ́n kó tó jinná, ebi ti ń pa Dzigbordi, ó ní ata tútù ló ń wu òun. Mo lọ ata, tòmátì àti àlùbọ́sà fún un nínú àwo amọ̀ tí mo kó ẹran tútù náà sí kí n tó gbé e kaná. Mo ti fi omi ṣàn án. Ó fi òkèlè akple lá a tán. Ó ní, "Mama, ẹ tún lọ̀ sí i." Mo tún lọ̀ sí i.

Gameli jẹun tán, ó nu ẹnu, ó wá ní, "Ẹ̀n-ẹ́n, Mama, Senanu ní kí ẹ máa fi yìnyín sí adìyẹ yẹn o."

Ọ̀sẹ̀ náà kò tíì parí tí ìgbẹ́ gbuuru fi dé, ara rẹ̀ sì ń jó bí iná. Mo fún un ní tòpáyè. Kò ṣe nǹkan kan. Ó wà níbí báyìí, wọ́n ń fa omi sí i lára. Wọ́n ti fún un ní oògùn, kò ràn án. Wọ́n pààrọ̀ rẹ̀, kò ràn án. Ọmọ inú rẹ̀ ń mira, wọ́n gbọ́ ọ láàárọ̀ yìí.

Dókítà bi mí ohun tó jẹ. Nọ́ọ̀sì tó dúró tì í, ọ̀dọ̀ mi ló ti ra adìyẹ ọdún. Mo ní ẹja ni.

Ìwọ lo sọ pé yóò pẹ́ kó tó bàjẹ́. Lẹ́tà rẹ ti oṣù Kẹsàn-án wà lọ́wọ́ mi níbí. Mo ti kà á títí ojú fi ń ro mí. Kò sí yìnyín nínú rẹ̀.

Adzo


Aarhus
Ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n, oṣù Kọkànlá, 2015

Mama,

Lẹ́tà yín dé lónìí. Mo dé ibi tí ẹ ti kọ ẹja, n kò kà á síwájú mọ́, mo pe Gameli. Mo ní kó gbé fóònù fún dókítà. Mo sọ fún un pé adìyẹ ni, mo sì sọ orúkọ ìyẹ̀fun tí adìyẹ náà ń mu. Ó wá ní, "Ṣùgbọ́n ìyá rẹ ní ẹja ni." Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, ìyá mi ló sọ bẹ́ẹ̀.

Ṣé ẹ mọ ohun tí ẹ ṣe? Oògùn tí wọ́n ti ń fún un láti ìgbà yìí, ìbátan ìyẹ̀fun yín ni. Kòkòrò yẹn ti mọ̀ ọ́n láti inú ilé adìyẹ. Bí ẹ bá ti sọ òótọ́ lọ́jọ́ kìn-ín-ní, ibòmíràn ni wọn ì bá ti wá oògùn gbà. Nítorí nọ́ọ̀sì kan tó jẹ adìyẹ.

Ẹ ní n kò kọ yìnyín. N kò kọ ọ́. Ṣé èmi náà ni mo kọ ẹja?

N kò lè wálé. Ìwé ìgbélùú mi kò tíì jáde, bí mo bá sì kúrò níbí ṣáájú oṣù Kẹrin, wọn kò ní jẹ́ kí n padà wọlé. Ẹ má dáhùn ìyẹn. Ẹ sọ bó ṣe wà fún mi. Gameli kì í sọ tó.

Senanu


Dzelukope
Ogúnjọ́, oṣù Kejìlá, 2015

Senanu,

O kú ọdún Kérésì, ìwọ tí o bá mi ṣẹjọ́ níwájú dókítà.

Dzigbordi kò kú. Mo kọ ìyẹn ṣáájú kí o má baà fò kọjá rẹ̀ bí o ṣe máa ń ṣe. Ọmọ kò dúró. Ọkùnrin ni.

Accra ni wọ́n ti lọ gbé oògùn tó wá ràn án. Dókítà ní òun kì í fẹ́ lò ó, pé ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ èyí tó kẹ́yìn lórí pẹpẹ, bí kòkòrò bá sì mọ ìyẹn náà tán, àdúrà ló kù. Ó sọ ọ́ bí ẹni tó ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀. Lẹ́yìn tí o pè é, ó yí sí àbúrò rẹ lórí ibùsùn, ó bi í, "Ṣé adìyẹ ni àbí ẹja?" Èmi náà dúró síbẹ̀. Dzigbordi kò wò mí. Ó ní, "Ẹ bi ìyá mi."

Kò tíì sọ gbólóhùn mìíràn sí mi láti ìgbà yẹn.

Ìyá Gameli ló wá gbé e lọ sí Ho. Mo ti múra pé yóò bú mi, mo ti ní èsì lẹ́nu. Kò bú mi. Ó dì mọ́ mi lójú ọ̀nà ọsibítù, ó ní, "Kò sí ìyá tí kì í ṣàṣìṣe." Ì bá bú mi.

Mo ti da ìyẹ̀fun nù. Kì í ṣe torí ìwé rẹ. Mo pe àwọn alábẹ́rẹ́ tí o wí, ṣùgbọ́n kí wọ́n tó dé, àrùn ti wọ ilé adìyẹ. Èyí tó kù nínú ọ̀rá rẹ, Mama Xornam tún wá tọrọ rẹ̀. Ó ní ọmọ ìyàwó pásítọ̀ ń yàgbẹ́ gbuuru, pé bóyá bí òun bá fi di oúnjẹ rẹ̀ yóò dá. Mo sun ọ̀rá náà. Kò tètè jó.

Adzo


Aarhus
Ọjọ́ kẹtàdínlógún, oṣù Kìíní, 2016

Mama mi,

Ẹ kú ọ̀fọ̀. Mo ti kọ lẹ́tà yìí, mo ti ya á, mo tún kọ ọ́.

Mo ń pe Dzigbordi. Gameli ní ó ń sùn. Láti ọjọ́ Kérésì ló ti ń sùn.

Níbi iṣẹ́, wọ́n ní kí n bá àwọn àlejò sọ̀rọ̀ nípa àǹfààní ọ̀rá yìí fún àwọn ilẹ̀ tó gbóná. Mo dìde, mo sọ ọ́. Pé ó ń dín àìsàn kù, pé bí àìsàn bá dín, lílo oògùn á dín, pé bẹ́ẹ̀ ni agbára kòkòrò ṣe máa wálẹ̀. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún mi. Gbogbo ohun tí mo sọ, òótọ́ ni. Mo lọ sí ilé ìgbọ̀nsẹ̀, mo dúró síbẹ̀ títí ọ̀gá mi fi wá kanlẹ̀kùn.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ lọ sí Ho. Ẹ má dúró kó wá bá yín. Kò ní wá.

Senanu


Dzelukope
Ọjọ́ kejìlélógún, oṣù Kejì, 2016

Senanu ọmọ mi,

Mo kí ọ. Ọyẹ́ ti lọ. Ara mi le díẹ̀.

Mo lọ sí Ho bí o ṣe wí. N kò gbé adìyẹ lọ. Ọwọ́ àwọn tó fa àwọ̀n wálẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ náà ni mo ti ra ẹja. Mo fi ọṣẹ fọ ọwọ́ títí awọ rẹ̀ fi funfun. Mo da omi híhó sí ìkòkò kí n tó dáná. Mo fi aṣọ we ìkòkò ọbẹ̀ náà, mo gbé e sórí itan mi nínú ọkọ̀ láti Keta dé Ho, ó ń jó mi lẹ́sẹ̀, mo sì ń yọ̀ pé ó ń jó mi.

Àbúrò rẹ ti rù, ṣùgbọ́n ó ń rìn. Ó kí mi dáadáa. "Mama, ẹ káàbọ̀. Àwọn ará Dzelukope ńkọ́? Ọ̀nà ńkọ́?" Ó bu omi fún mi, ó jókòó sí iwájú mi, ó ní kí n sọ ohun tó gbé mi wá, bí a ṣe ń ṣe fún àlejò. Mo ní ọbẹ̀ ni mo gbé wá.

Ó ní ẹ ṣeun. Ó gbà á, ó gbé e kaná.

Mo ní, "Dzigbordi, ó ṣì gbóná, wo bí mo ṣe we é." Ó ní, "Mo rí i."

Ọbẹ̀ hó. Kò sọ̀ ọ́. A ń sọ̀rọ̀ ọjà. A ń sọ̀rọ̀ ọmọ Mama Xornam tó fẹ́ gbéyàwó. Mo ní ìyàwó náà ga ju ọkọ lọ, ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. Ọbẹ̀ ń hó. Omi rẹ̀ fà, epo bẹ̀rẹ̀ sí í ta, òórùn jíjóná wá bá wa níbi tí a jókòó sí, kò sí ẹni tó dìde nínú wa. Ìyá Gameli yọjú láti yàrá, ó wò wá, ó padà.

Mo rò pé ìbínú ni. Mo wo ojú rẹ̀. Kì í ṣe ìbínú, Senanu. Ọwọ́ rẹ̀ ti na síbi ìkòkò náà lẹ́ẹ̀kan, ó tún fà á padà. Ọmọ mi fẹ́ jẹ ọbẹ̀ mi. Kò mọ ìgbà tó yẹ kó sọ̀ ọ́.

Nígbà tó yá, ó ní, "Ó ti jóná, Mama." Mo ní mo rí i. Ó fi omi sínú ìkòkò náà kó lè rọ̀, mo sì wọ ọkọ̀ padà wálé.

Ìwọ mọ bí oúnjẹ ṣe gbọ́dọ̀ pẹ́ tó lórí iná kí kòkòrò tó kú. Kọ ọ́ sí àbúrò rẹ. Má kọ ọ́ sí mi. Kọ ọ́ kedere, má fi ohunkóhun sílẹ̀ lọ́tẹ̀ yìí, kó lè mọ ìgbà tí yóò gbé ọbẹ̀ kúrò lórí iná.

Ìyá yín,
Adzo